Òkété Fi Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Ṣe Èènì

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Mo ní àlọ́ o! Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ṣé ẹ ti sùn ni?

Àlọ̀ọ̀ọ̀!

Ẹ ṣeun. Àlọ́ mi bọ́ sílẹ̀ gbì, ó yí gbirigbiri, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rá wọ inú ihò Òkété lọ. Kí ẹni tó ń jẹ àgbàdo rọra jẹ ẹ́ o, nítorí pé ibi tí à ń lọ ní iná, ó ní èéfín, ó sì ní ejò.

Ní ìgbà kan rí, Òkété àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní ìdí òkè kan tí wọ́n ń pè ní Òkè Yangí. Ilé tí wọ́n ń gbé, ìyá Òkété ló gbẹ́ ẹ. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi gbẹ́ ẹ, odidi ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta ló sì gbà á. Ilé náà ní pálọ̀, ó ní àká tí wọ́n ń kó ẹyìn sí, ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tó gba inú òkè kọjá. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni pé ilé náà ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ihò tóóró kan ni, ó yọ sí etí odò. Iyẹ̀pẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ kọjá kò ní mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀. Bí ọdẹ bá fín èéfín sí iwájú, onílé á kàn fi orí ta iyẹ̀pẹ̀ yẹn, fìrì! Ó ti lọ.

Nígbà tí ìyá Òkété ń kú lọ, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Ọmọ mi, bí o bá pàdánù ohun gbogbo, má pàdánù ilé yìí." Òkété sọkún. Ó ní òun gbọ́.

Ṣé ó gbọ́ lóòótọ́? Ẹ jẹ́ ká máa wò ó.

Ní ọdún kan, iná jó gbogbo igbó náà kanlẹ̀. Kò sí koríko tí ẹnikẹ́ni lè sá pamọ́ sí. Ehoro ń sùn ní gbangba. Ìyá Àparò ń yé ẹyin sí ojú ọ̀nà. Ni gbogbo wọn bá ń wá sọ́dọ̀ Òkété, wọ́n ní kó jọ̀ọ́, kó gbẹ́ ihò fún àwọn. Òkété gbẹ́ mẹ́ta, ó tà wọ́n ní ogún agbọ̀n ẹyìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń já a gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́! Ẹni tí kò rí rà ń wa ẹkún mu. Àká Òkété kún dé òrùlé.

Kí ni Òkété wá ṣe? Ṣé ó jókòó, ó ń jẹun rẹ̀ ni? Rárá o. Ẹnu rẹ̀ ti tọ́ adùn wò. Ó lọ pe ogún ikún, ó ní kí wọ́n wá gbẹ́ ogún ilé fún òun sí ara Òkè Yangí. Gbogbo ẹyìn tó wà nínú àká ló kó fún àwọn ikún, ìyẹn ni owó iṣẹ́ wọn.

Àwẹ̀ró ní, "Baálé mi, kí la máa wá jẹ?"

Òkété ní, "Àwẹ̀ró, fọkàn balẹ̀. Ogún ilé, ogún agbọ̀n ẹyìn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan! Kí ọyẹ́ tó dé, ìwọ gan-an á máa sọ pé ó tó, ó tó."

Àwọn ikún gbẹ́ ilé, wọ́n parí, wọ́n gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára, wọ́n lọ. Ọjọ́ tí wọ́n lọ gan-an ni òjò bẹ̀rẹ̀.

Ha! Òjò ọdún yẹn! Ó rọ̀ láàárọ̀, ó rọ̀ lọ́sàn-án. Koríko hù, koríko ga, koríko bo Àgbọ̀nrín mọ́lẹ̀ tìwotìwo. Ehoro tẹ́ ẹní sínú koríko tútù, ó ń hanrun. Ìyá Àparò ń tọ́ ọmọ mẹ́jọ níbẹ̀, ojú ẹyẹ àṣá kò tó wọn. Ta ló tún ń wá ilé rà? Ogún ilé la ẹnu sílẹ̀ lára òkè, alántakùn ń ta òwú sí ẹnu ọ̀nà wọn. Ọjà ilé kú pátápátá.

Bàbá Àjíbọ́lá, ẹ má wò mí o. Mi ò sọ̀rọ̀ ẹni tó kọ́ ilé mẹ́fà sí ẹ̀yìn ìlú tó jẹ́ pé ewúrẹ́ ló ń gbé inú wọn. Òkété ni mo ń sọ.

Ojú wá ń pọ́n Òkété. Àká ti gbófo. Ọyẹ́ ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ nígbà ọyẹ́, oúnjẹ kì í sí nínú igbó. Bí ilé wọ̀nyí kò bá tà, ohun kan ṣoṣo ló kù tó lè tà: ilé ìyá rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ ra ìyẹn sì wà. Bàbá Ọ̀kà ni, ejò ńlá, ejò abara dọ̀bọ̀. Ó wọ́ wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó dúró lókèèrè, ó ní, "Òkété, mi ò fẹ́ ogún ilé rẹ yẹn. Ti ìyá rẹ ni mo fẹ́. Mo máa san ọgbọ̀n agbọ̀n."

Ara Òkété bù máṣọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ilé ìyá mi kì í ṣe ọjà."

Ọ̀kà ní, "Kò burú. Mi ò kánjú." Ó wọ́ lọ.

Ni Òkété bá dìde. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ dídùn ní í yọ obì lápò. N ó ta ilé wọ̀nyí, wọn á fi ẹsẹ̀ ara wọn wá!" Ó lọ pe Ayékòótọ́, ẹyẹ tí ohùn rẹ̀ ń dé ìlú méje, ó ní kó wá bá òun polówó. Ayékòótọ́ bà lé orí igi àràbà, ó ní, "Ẹ̀yin ará igbó! Owó ilé ti já! Ilé tó jẹ́ ogún agbọ̀n lánàá, agbọ̀n mẹ́wàá ni lónìí!"

Kò sí ẹni tó wá.

Ní ọjọ́ kejì, Ayékòótọ́ ní, "Agbọ̀n mẹ́wàá ti di márùn-ún!"

Ọ̀yà gbé orí sókè nínú koríko, ó ní fún Ehoro, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká lọ rà á?" Ehoro ní, "Jókòó jẹ́ẹ́. Ohun tó já láti ogún sí márùn-ún láàárín ọjọ́ méjì, bí a bá dúró díẹ̀ sí i, yóò já sí ọwọ́ wa lọ́fẹ̀ẹ́." Wọ́n tún sùn.

Òkété ta ọgbọ́n mìíràn. Ó wá ìwọ̀nba èkùrọ́ tó kù nínú ilé, Àwẹ̀ró sun ún, òórùn rẹ̀ gba igbó kan. Ayékòótọ́ kígbe pé ẹnikẹ́ni tó bá wá wo ilé, àwo èkùrọ́ sísun kan ń dúró dè é. Hẹ̀n-ẹ́n! Wọ́n wá o! Wọ́n tò láti ẹnu ọ̀nà dé etí odò. Wọ́n jẹ èkùrọ́, wọ́n lá àwo, wọ́n wo òrùlé, wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Ilé yìí dára púpọ̀. A máa padà wá." Ìyá Àparò wo ilé náà nígbà mẹ́fà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìgbà tó wá lẹ́ẹ̀keje ni Àwẹ̀ró sọ fún un pé èkùrọ́ ti tán. Ó ní, "Áà, kò burú, ilé náà ò kúkú fẹ̀."

Òkété tún ta ọgbọ́n mìíràn. Ó ní kí wọ́n wá sùn ún wò. Kí wọ́n gbé inú ilé fún ọjọ́ márùn-ún láìsan nǹkan kan, bí ó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kí wọ́n wá sanwó. Ehoro gbé ọjọ́ márùn-ún nínú ilé kìíní. Ó ní ilé náà kọjú sí oòrùn jù. Ó kó lọ sí ilé kejì, ó gbé ọjọ́ márùn-ún, ó ní ilé náà kọ ẹ̀yìn sí oòrùn jù. Ó ti dé ilé keje kí Òkété tó mọ̀ pé olóyè yìí kò ní í rà á láéláé.

Òkété jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé keje, ó fi ọwọ́ lérán. Ó ní, "Ehoro, àbúrò mi, sọ òótọ́ fún mi. Kí lo fẹ́ gan-an?"

Ehoro ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ẹ ro ó wò. Bí mo bá ra ata ní ọjà, ìyá aláta á bù díẹ̀ lé e. Bí mo bá ra iyọ̀, wọ́n á fún mi ní èènì. Mo wá fẹ́ ra odidi ilé, èènì dà?"

Òótọ́ ló sọ. Ní Òkè Yangí, bí ọjà bá dára bí wúrà, bí kò bá ní èènì, kò sí ẹni tí yóò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Òkété ní, "Kí ni mo lè fi ṣe èènì ilé? Ihò mìíràn?"

Ehoro ní, "Mi ò mọ̀ o. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ilé yìí ní. Bí èéfín bá gba ibẹ̀ wọlé, níbo lèmi ó gbà jáde?"

Ẹnu Òkété yára ju orí rẹ̀ lọ. Ó ní, "Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn! Ẹni tó bá ra ilé mi, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni èènì rẹ̀!"

Ehoro fò dìde. "Irú èyí tí ẹ̀yin gan-an ní?"

"Irú rẹ̀ gan-an!"

Ayékòótọ́ ti gbọ́. Ó ti dé orí àràbà. Ẹ bá mi gbè é o, ẹ̀yin ọmọ. Bí mo bá lé e, ẹ̀yin á ní "Tẹ̀rẹ̀nínì, wọlé wá."

Ilé rèé o, ilé rèé,
*Tẹ̀rẹ̀nínì, wọlé wá.*
Ó tutù lẹ́ẹ̀rùn, ó móoru lọ́yẹ́,
*Tẹ̀rẹ̀nínì, wọlé wá.*
Ẹni bá ra ilé á gba èènì,
*Tẹ̀rẹ̀nínì, wọlé wá.*
Èènì ilé, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn,
*Tẹ̀rẹ̀nínì, wọlé wá.*
Bíná bá ń bọ̀ níwájú ilé,
*Tẹ̀rẹ̀nínì, wọlé wá.*
Ẹ̀yìn lo ó gbà, o ó sá lọ,
*Tẹ̀rẹ̀nínì, wọlé wá.*

Igbó dàrú! Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn! Nǹkan tí ìran Òkété ti fi pamọ́ láti ayébáyé! Ọ̀yà sáré wá, koríko ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Àparò kó ọmọ mẹ́jọ lẹ́yìn. Òòrẹ̀ wá, gbogbo ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ dúró ṣánṣán, kò sí ẹni tó lè sún mọ́ ọn lórí ìlà. Òkété rí èrò, ó gbé owó ilé padà sókè sí agbọ̀n mẹ́wàá, wọ́n sì san án! Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń fò sókè, ó ń fi ìrù gbálẹ̀, ó ń dì mọ́ Àwẹ̀ró. Kí oòrùn tó wọ̀, ilé mọ́kàndínlógún ti tà.

Ẹni tó ra ilé kan tó kù, ta ni? Bàbá Ọ̀kà ni. Ó sanwó rẹ̀ pé. Kò ná an rárá. Ohun kan ṣoṣo ló bi í.

"Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn, ṣé ó fẹ̀?"

Òkété ń wo agbọ̀n mẹ́wàá, kò wo Ọ̀kà. Ó ní, "Ó fẹ̀ dáadáa, Bàbá."

Ó wá kù kó gbẹ́ ogún ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Ẹ gbọ́ o. Kì í ṣe lásán ni wọ́n ń pe òkè yẹn ní Òkè Yangí. Iwájú òkè rọ̀, ṣùgbọ́n yangí ló wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, ó le ju eyín àgbà lọ. Òkété lọ sí ẹ̀yìn òkè, ní ọ̀kánkán ilé Ehoro, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ. Ó họ títí, èékánná rẹ̀ kan ṣẹ́, ihò náà kò gba ìka méjì. Ó pe àwọn ikún. Àwọn ikún ní ti yangí, agbọ̀n mẹ́wàá mẹ́wàá ni o. Òkété wo àká rẹ̀ tó kún, ó ní kí wọ́n máa lọ. Ó wọ ilé, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tí ìyá rẹ̀ gbẹ́.

Ló bá gbọ́ nǹkan kan. Họ̀ọ̀ọ̀, fùùù. Họ̀ọ̀ọ̀, fùùù.

Ehoro ló ń hanrun! Ó ń hanrun ní òdì kejì ògiri! Òkété fi etí lé ògiri. Ó sáré síwájú díẹ̀, ó gbọ́ tí Ìyá Àparò ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ wí. Ó tún sáré síwájú, ó gbọ́ tí Ọ̀yà ń rún koríko. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá rẹ̀ gba ẹ̀yìn gbogbo ogún ilé yẹn kọjá, iyẹ̀pẹ̀ rírọ̀ ló sì wà láàárín wọn, kò nípọn ju igbọ̀nwọ́ kan lọ!

Òkété bẹ́ mọ́lẹ̀. "Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró! Mo ti rí i! N ó lu ilé kọ̀ọ̀kan já sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, n ó fi iyẹ̀pẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí i. Ọjọ́ tí wàhálà bá dé, wọ́n á gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, wọ́n á gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tiwa jáde. Ilẹ̀kùn kan tó ogún ilé!"

Àwẹ̀ró jókòó. Ó ní, "Baálé mi, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ogún ilé sí ilẹ̀kùn kan? Ilẹ̀kùn tí èmi gan-an ń fún ara kí n tó gbà á?"

"Iná wo ló tún máa jó níbí? Koríko tútù ló wà níta."

"Ọ̀kà ńkọ́?" Àwẹ̀ró tún bi í. "Ẹ fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn láti ilé Ọ̀kà sí ilé wa? Ọ̀kà tó gbé àbúrò ìyá yín mì?"

Òkété ní, "Ta ló máa sọ fún un? Iyẹ̀pẹ̀ ló máa wà láàárín."

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ o," ni Àwẹ̀ró wí. Òkété ti bọ́ sí ìdí ògiri. Ó ti ń gbẹ́.

Ọjọ́ méjì péré, ó parí ogún ilẹ̀kùn. Ó pe àwọn onílé jọ. Ó fi iyẹ̀pẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé Ehoro hàn wọ́n, ó ní, "Èènì yín rèé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kì í ṣe ohun tí à ń dán wò. Bí ẹ bá ṣí i wò lásán, ọdẹ á rí i. Ọjọ́ tí ẹ̀mí bá fẹ́ bọ́ ni kí ẹ tó ṣí i." Gbogbo wọn mi orí. Wọ́n dúpẹ́. Ìyá Àparò gan-an wúre fún un.

Òkété padà sílé, ó sì ń jẹ ẹyìn. Ó jẹ ẹyìn títí ọrùn rẹ̀ fi bọ́ sínú èjìká.

Ọyẹ́ dé. Òjò lọ. Koríko gíga tó bo igbó, ó pọ́n, ó gbẹ, ó ń dún kẹ̀kẹ̀. Kò sí ẹni tó rántí pé bí koríko bá ṣe ga tó ní òjò, bẹ́ẹ̀ ni iná rẹ̀ máa ga tó ní ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn ọdẹ ti iná bọ igbó.

Iná ń bọ̀! Ó ń bú gbàù, ó ń ta pàràpàrà! Gbogbo ẹranko ń sá, onílé ń sá sínú ilé rẹ̀. Èéfín tẹ̀ lé wọn wọlé. Ehoro húkọ́, Ọ̀yà húkọ́, àwọn ọmọ Ìyá Àparò ń ké. Ni olúkúlùkù bá rántí ohun kan náà ní ìṣẹ́jú kan náà. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn!

Òkété wà ní pálọ̀ rẹ̀, ó ń jẹun ọ̀sán. Àwẹ̀ró ní òun ń gbóòórùn èéfín. Òkété ní kó jẹ́ kí òun jẹun tán. Ẹyìn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ògiri dún gbì!

Ehoro já wọlé. Ó fi orí sọ agbọ̀n ẹyìn. "Ẹ̀gbọ́n! Kí lẹ ń ṣe ní ẹ̀yìn ilé mi?"

Òkété kò tíì dáhùn, ògiri tún dún. Ọ̀yà já wọlé. Gbì! Ìyá Àparò àti ọmọ mẹ́jọ já wọlé, ìyẹ́ bo gbogbo ilé. Gbì! Gbì! Gbì! Wọ́n ń já bọ́ láti ọ̀tún, wọ́n ń já bọ́ láti òsì, ẹsẹ̀ ń tẹ ìrù, ìrù ń gbá ojú. Wọ́n tẹ ìkòkò ọbẹ̀ Àwẹ̀ró fọ́. Ehoro wò yíká, ó wo àwọn ihò tó wà lára ògiri, ó yé e. Ó ní, "Òkété! Báyìí ni ìwà rẹ! Ilé rẹ lo fi ṣe ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún gbogbo wa!"

Òkété ní, "Kì í ṣe àsìkò ẹjọ́ nìyí! Ẹ gba ibí! Ẹ tẹ̀ lé mi!"

Ó sáré lọ sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Àbí kí ló bá pàdé? Ìdí Òòrẹ̀ ló bá pàdé. Òòrẹ̀ ti ṣíwájú gbogbo wọn, ó ti kó sínú ihò tóóró yẹn, ó sì há síbẹ̀ pinpin. Bí wọ́n bá tì í, ẹ̀gún gún wọn. Bí wọ́n bá fà á, ẹ̀gún gún wọn. Òòrẹ̀ ń ké níwájú, gbogbo wọn ń ké lẹ́yìn, èéfín ń bọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Ìgbà yẹn ni ògiri kan dún kẹ́yìn. Kò dún gbì. Ó dún wọ́rọ́wọ́rọ́. Orí ńlá kan yọ.

Gbogbo wọn fà sẹ́yìn.

Bàbá Ọ̀kà wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Ó wo pálọ̀, ó wo àká, ó wo òrùlé tí ìyá Òkété fi ọwọ́ dán. Ó ní, "Òkété, o ò parọ́. Ó fẹ̀ dáadáa."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá wo Òkété! Ó kọjú sí ẹ̀yìn òkè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ. Yangí tó ní kò ṣeé gbẹ́! Ó ń họ, ó ń bù ú jẹ, ó ń tu ú dànù. Eyín ń ta iná lára òkúta, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní èékánná. Àwẹ̀ró wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun náà ń họ. Ẹ̀rù ń ba Òkété débi pé ó ń sunkún, ó ń gbẹ́, ó ń pe ìyá rẹ̀. Yangí là! Ìmọ́lẹ̀ wọlé! Gbogbo wọn tú jáde sí etí odò, wọ́n fa orí Òòrẹ̀ yọ láti ìta, kò sì sí ẹnì kan tó kú.

Wọ́n dùbúlẹ̀ sínú omi, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ehoro wo ihò tuntun yẹn. Ó wo Òkété. Ó ní, "Ó ṣeé gbẹ́ náà, àbí?"

Òkété ń fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò ní èékánná rẹ̀.

Nígbà tí iná kú, wọ́n padà. Ogún ilé ti rún wómúwómú, nítorí pé ògiri tí wọ́n ti lu já kò lè gbé òkè dúró. Ilé ìyá Òkété nìkan ló dúró. Òkété sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní, "Ìyá mi, ẹ ṣé! Ilé wà!"

Ohùn kan dá a lóhùn láti inú pálọ̀. Ó rọra ń kọrin.

*Tẹ̀rẹ̀nínì, wọlé wá.*

Bàbá Ọ̀kà ló ká ara rẹ̀ jọ sórí ẹní Òkété. Èéfín kò dé àká tó sá wọ̀.

Òkété ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ilé mi nìyẹn. Agbọ̀n mẹ́wàá yín rèé, ẹ gbà á padà."

Ọ̀kà ní, "Ẹyìn ni n ó fi ṣe kí ni? Èmi kì í jẹ ẹyìn. Ẹni tó ń jẹ ẹyìn ni mo máa ń jẹ." Ó fi ìrù ti gbogbo agbọ̀n jáde. "Ẹ̀yin tí ẹ ra ilé, ẹ wá kó ẹyìn yín o. Ilé ni tèmi."

Òkété wólẹ̀. "Ẹ tiẹ̀ mọ̀ pé mi ò tà á fún yín! Ẹ fẹ́ san ọgbọ̀n agbọ̀n, mo ní kì í ṣe ọjà!"

Ọ̀kà ní, "Òótọ́ lo sọ. Mo fẹ́ rà á, o ò tà á. Ìwọ fúnra rẹ lo wá fi ṣe èènì fún mi."

Òkété yíjú sí àwọn yòókù. Olúkúlùkù ń ṣa ẹyìn rẹ̀. Ehoro ní, "Ẹ̀gbọ́n, a kì í gba èènì padà lọ́wọ́ ẹni." Wọ́n gbé agbọ̀n wọn, wọ́n lọ.

Òkété jókòó síwájú ilé ìyá rẹ̀, ó sọkún bí ó ṣe sọkún ọjọ́ tí ìyá náà kú. Ó pẹ́ kó tó gbọ́ ìró kan ní apá kejì òkè. Àwẹ̀ró ni. Ó ti ń gbẹ́ ilẹ̀. Òkété wọ́ ẹsẹ̀ lọ bá a, ó wo ihò tóóró tó ń gbẹ́ sínú yangí.

Ó ní, "Àwẹ̀ró, pálọ̀ dà?"

Àwẹ̀ró kò gbé orí sókè. Ó ní, "Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ ń gbẹ́. Ẹ wá fọwọ́ kún un."

Láti ọjọ́ náà ni òkété kì í bá ẹnikẹ́ni gbé inú ihò rẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ yẹn náà sì ni ẹni tó bá ń wa òkété ti gbọ́dọ̀ wò dáadáa kó tó ti ọwọ́ bọ ihò. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó gba èènì ló wà nílé.

Ìdí àlọ́ mi rèé o. Ó kọ́ ọmọdé, ó kọ́ àgbà, ó kọ́ Bàbá Àjíbọ́lá: bí ọjà bá kú mọ́ ọ lọ́wọ́, má fi ohun tí o kò lè ṣe ṣèlérí, kí o má baà fi ilé tí o ń gbé ṣe èènì fún ẹni tó ń wá ọ jẹ. Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo sọ yìí, kí iyẹ̀pẹ̀ dí ẹnu mi bí ó ṣe dí ẹnu ihò. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ṣì là sílẹ̀. Ó ń sọ fún yín pé kí ẹ dìde lọ sùn, kí olúkúlùkù sì ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.